Àbàwọ́n Ẹ̀yìn Ayaba

"Wọ́n ní ó ní..."

"Ta ló ní?"

"Alágbàfọ̀ ni. Ìyá tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ ibí yìí náà. Wọ́n ní wọ́n jọ ń ta káàdì ni, àbí kí ni wọ́n ń pe eré yẹn, ló bá dìde fùú, ó ní gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì yìí, wọn ò ní..."

"Wọn ò ní kí ni?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o! Ẹni tó sọ fún mi náà, wọn ò sọ ọ́ dópin fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ìwọ náà rò ó wò. Èèyàn tó fọ ọwọ́ méjèèjì kó tó la ẹnu..."

"Háà! Èpè nìyẹn. Ó ti parí."

"Èmi kọ́ ni mo pè é lépè o. Ẹnu tìrẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

Oníbàárà méjì ló ń sọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́jọ́rú. Ọ̀kan dúró sórí àpótí, wọ́n ń fi píìnì mú etí aṣọ rẹ̀. Èkejì jókòó ti ìdì aṣọ, ó ń fi bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ fẹ́ atẹ́gùn sí ara. Télọ̀ fúnra rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, píìnì mẹ́rin há sí i lẹ́nu. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n "ùn-hùn" nìkan ló gba àárín píìnì jáde, àwọn oníbàárà sì gbé "ùn-hùn" yẹn lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹni tí kò ní píìnì lẹ́nu ni àbúrò télọ̀, ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlógún tó ń rán bọ́tìnnì lẹ́bàá fèrèsé. Dákẹ́dákẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí oníbàárà bá kí i, ó máa ń dá wọn lóhùn ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ju orí àpótí tó jókòó sí lọ. Òun nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Alágbàfọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Itọ́ kíkorò kan gun òkè ọ̀fun rẹ̀ bí àwọn obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gbé e mì. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti ń gbé e mì.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú eré tí wọ́n ń ṣe kí ẹ lè mọ ohun tó ń kó o nírìíra.

Lọ́sàn-án Sátidé, tí télọ̀ bá ti ti ilẹ̀kùn iwájú, èèyàn márùn-ún á pàdé ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti bàjẹ́ àti agbada ìfọwọ́ wà. Káfíńtà tó ń kan fèrèsé ní òpópónà kejì ló dá eré náà sílẹ̀, òun náà ló kan tábìlì rẹ̀. Eré ìtàn ni. Olúkúlùkù á yan ẹni tóun fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn. Káfíńtà á ní, "Ẹ ti dé ẹnu ibodè. Wọ́n ti tì í. Ẹ̀ṣọ́ kan ń wò yín láti òkè." Oníkálukú á wá sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ ṣe, ìtàn á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí oòrùn á fi rọ̀.

Dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kì í jẹ́ nǹkan mìíràn ju ọ̀gágun lọ. Télọ̀ máa ń jẹ́ obìnrin tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá. Dákẹ́dákẹ́ ńkọ́? Bàbá arúgbó kan ni, tí ohùn rẹ̀ ń bú bí ààrá, tó ń fojú ọba gbolẹ̀ láàárín àwọn ìjòyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ohùn yẹn ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló wọlé. Òun náà ló ń kọ ìtàn sílẹ̀, nínú ìwé kan tó ní ẹ̀yìn páálí, nítorí ohun tí etí rẹ̀ bá gbọ́ kì í bọ́ nù. Bí ẹ bá sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló máa kọ ọ́, títí kan ikọ́.

Ibi tí Káfíńtà ti ń rí ìtàn kò jìnnà: páálí káàdì kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni. Eré káàdì tí káàdì ńlá ti ń jẹ kékeré, ó sọ ọ́ di ogun, ó sì jà fún oṣù kan. Èyí tí wọ́n ti ń purọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ di ààfin tí òótọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀. "Èèyàn méjìléláàádọ́ta ló ń sùn nínú páálí yìí," ni Káfíńtà máa ń wí, tó bá ti ń gbọn ọ́n létí. "Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n jí wọn."

Nígbà tó yá, ó jí ayaba tí kò ní èkejì.

Eré náà kò le. Wọ́n á yọ ayaba dúdú kan kúrò, wọ́n á pín ìyókù. Ẹni tó bá ní méjì tó bára mu, ojú àti àwọ̀, á jù wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á máa fa káàdì kan lọ́wọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀yìn káàdì nìkan ni á máa rí. Gbogbo káàdì ló máa rí ìkejì rẹ̀ níkẹyìn, àfi ayaba dúdú tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá kù sí lọ́wọ́ ti pàdánù.

Káfíńtà sọ ọ́ di ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ilẹ̀ tuntun. Àìsàn kan wọnú ọkọ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbé e wọlé. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ayaba bá kù sí lọ́wọ́, òun ni àìsàn wà lára rẹ̀. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ìgò omi kan, wọ́n á gé okùn. Ẹni náà ti bọ́ kúrò nínú ìtàn nìyẹn, ẹni tó ń ṣe é á lọ dá ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ọkọ̀ á gúnlẹ̀, àwọn tó bá kù nínú rẹ̀ á sì pín ilẹ̀ náà.

Ìtàn náà dára. Ó dára ju àwọn tó ń sọ ọ́ lọ.

Lọ́sẹ̀ kìíní, Dírẹ́bà ni ayaba kù sí lọ́wọ́. Ọ̀gágun rẹ̀ wọ ọkọ̀ kékeré. Dírẹ́bà wú bí búrẹ́dì, ó ní eré ọmọdé ni, ó ní òun ń lọ sílé. Kí wọ́n má bàa tú ká, Káfíńtà ní ọ̀gágun náà lúwẹ̀ẹ́ padà. Ó lúwẹ̀ẹ́ padà! Pẹ̀lú bàtà àti idà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì, Káfíńtà ń jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì bó ṣe ń kó káàdì jọ. Òróró kán sẹ́yìn ayaba dúdú, ó fẹjú tó àtàǹpàkò. Kò nù ún. Ó wò ó, ó wo Dírẹ́bà, Dírẹ́bà ṣẹ́jú sí i. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn ní gbogbo ìgbà tó ń pín in. Nígbà tí èyí tó ní àbàwọ́n fi máa balẹ̀, iwájú Alágbàfọ̀ ló balẹ̀ sí.

Nítorí kí ni wọ́n fi yàn án? Obìnrin náà kò ṣẹ̀ wọ́n. Ó kàn jẹ́ pé òun ni kò ní í bínú lọ sílé.

Ibi tí wọ́n jókòó sí ló wá ba ti Dákẹ́dákẹ́ jẹ́. Alágbàfọ̀ ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Òun ló ń fa káàdì lọ́wọ́ Alágbàfọ̀, kò sí ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ayé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ayaba yẹn lè gbà kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, ọwọ́ Dákẹ́dákẹ́ sì ni ọ̀nà náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí òróró náà, tó na ìka sí i láìronú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ìka rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa káàdì oókan pupa dípò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti ń kọ gbogbo wọn. Dírẹ́bà kì í fa káàdì láìjẹ́ pé ó lá àtàǹpàkò rẹ̀. Á na ahọ́n síta, á fi àtàǹpàkò nù ún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ̀yìn káàdì á sì máa dán. Káfíńtà ń fi igun káàdì yọ ẹran eyín, á wo ohun tó yọ, á dá a padà sẹ́nu. Òróró ayaba ti gba eruku, ó ti dúdú létí, ó sì ń rùn bí agolo tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Kí káàdì tó dé ọwọ́ Dákẹ́dákẹ́, á ti fi aṣọ nu ọwọ́ sílẹ̀. Tó bá lọ, á tún nù ún. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìdọ̀tí ló ń rí òun lára.

Àwọn tí Alágbàfọ̀ ń dá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méje, èèyàn méje. Agbẹ̀bí kan tó ń ka èémí ọmọ tuntun kó tó sùn. Ọkùnrin tó ń tan àtùpà ọkọ̀, tí òkùnkùn sì ń bà lẹ́rù. Obìnrin kan tó fi irúgbìn pamọ́ sínú irun orí rẹ̀, kí ilẹ̀ tuntun má bàa jẹ́ ilẹ̀ òfìfo. Kì í dá wọn ní àbọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyá, ní àpá, ní ohun tó fẹ́ràn láti jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú ìgò omi. Kò sí ìkankan tó mọ omi wẹ̀.

"Alágbàfọ̀, orí rẹ ò gba ayaba o!" Dírẹ́bà á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tún ẹlòmíràn bí, jàre, ilé ọmọ rẹ ṣì kún."

"Mo gbọ́," ni Alágbàfọ̀ á wí.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe: tó bá ká káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀kan máa ń yọrí ju àwọn yòókù lọ. Dákẹ́dákẹ́ rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń di káàdì mú ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Alágbàfọ̀ mú ẹnì keje rẹ̀ wọnú ọkọ̀. "Ọmọbìnrin kan ni," ó ní, ó sì ń wo Dákẹ́dákẹ́. "Kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo orin tí wọ́n bá kọ nínú ọkọ̀ yẹn ló mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá sọ̀rọ̀, á dára fún gbogbo yín."

Wọ́n pín káàdì. Nígbà tí ti àwọn yòókù tán lọ́wọ́ wọn, ó ku káàdì méjì lọ́wọ́ Alágbàfọ̀, ó ku ọ̀kan lọ́wọ́ Dákẹ́dákẹ́. Èyí tó ní òróró yọrí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Dákẹ́dákẹ́ nímú. Bó bá fà á, bàbá arúgbó tí ohùn rẹ̀ ń bú bí ààrá lè wọ ọkọ̀ kékeré, ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ó fa èkejì.

Alágbàfọ̀ ṣí ayaba sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò dúró kí wọ́n gé okùn. Ó lọ sídìí agbada, ó fọ ọwọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan fọ̀: ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ìdí èékánná. Dákẹ́dákẹ́ wà níbẹ̀, ó ń bu omi sínú kẹ́tùrù. Alágbàfọ̀ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò pẹ́, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ.

"Kí ló ń kùn?" Dírẹ́bà bèèrè láti ìdí tábìlì.

Dákẹ́dákẹ́ kò fèsì. Inú àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni èpè ti hù jáde. Lọ́jọ́ Ajé, Dírẹ́bà ń sọ pé ètè obìnrin náà ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti di pé ó dárúkọ ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, ẹ ti gbọ́ bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Ní Sátidé kẹsàn-án, àga kan ṣófo. Páálí káàdì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n Káfíńtà kò ṣí i.

"Kí ọkọ̀ yìí tó gúnlẹ̀," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. A ò lè máa bá ẹni tó ń gégùn-ún jókòó."

"Èmi ò tilẹ̀ lè wakọ̀ dáadáa mọ́ látìgbà yẹn," ni Dírẹ́bà wí. "Táyà méjì ló jò lọ́sẹ̀ yìí."

"Táyà rẹ ti ń jò láti ọdún tó kọjá," ni Télọ̀ wí.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ wà ni?" ni Dírẹ́bà bi í.

"Èmi? Mi ò wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni o. Mo kàn sọ ti táyà ni."

"Kò ní wá mọ́," ni Káfíńtà wí. "Eré yìí, àti èyí tí a bá tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé a fẹnu kò?"

Dírẹ́bà nawọ́ sókè. Télọ̀ wo ìka rẹ̀, ó nà án dé èjìká. Dákẹ́dákẹ́ mọ̀ pé Sátidé nìkan ni obìnrin náà fi ń jókòó pẹ̀lú èèyàn. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, aṣọ èèyàn ló ń bá jókòó.

"Dákẹ́dákẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé," ni Káfíńtà wí. Ó ti ṣí agolo sàdíìnì rẹ̀. "Kọ pé, 'Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Alágbàfọ̀ gé wa légùn-ún, a sì yọ ọ́.' Kó wà lákọsílẹ̀."

Ó ṣí ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì ṣí gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó wá rí i ní ojú ewé méje, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́: Ayaba bọ́ sọ́wọ́ Alágbàfọ̀. Ayaba tún bọ́ sọ́wọ́ Alágbàfọ̀. Bọ́, bíi pé ayaba lẹ́sẹ̀. Òun tó ń kọ ikọ́ sílẹ̀! Ó ti ń rò pé ahọ́n Dírẹ́bà àti eyín Káfíńtà ló ń kó òun nírìíra láti ìgbà yìí wá.

"Ṣé yíǹkì ò sí ni?" ni Káfíńtà bi í, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì.

Dákẹ́dákẹ́ dìde. Ó lọ sídìí agbada, ó fọ ọwọ́: ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, ìdí èékánná. Ó padà wá pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó ṣí páálí, ó wá ayaba dúdú, ó gbé e kalẹ̀, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí àbàwọ́n náà lè wà lókè níwájú gbogbo wọn.

"Ìwọ, kí lò ń ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá tirẹ̀ kiri lábẹ́ tábìlì. Dákẹ́dákẹ́ ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Mo gbọ́ ohun tí Ìyá sọ," ó ní. Kì í ṣe ohùn bàbá arúgbó nì. Ohùn tirẹ̀ ni, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó dé ògiri kejì.

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́! Ó ti sọ̀rọ̀. Kí ló wá sọ, ìyá àgbà elépè náà?"

"Ẹ má dá sí i, Bọ̀ọ̀dá Dírẹ́bà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, kí n má bàa yọ tèmi kúrò níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ tútù méjèèjì di etí tábìlì mú. "Ìyá ní: 'Ọmọ mi, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Òróró sàdíìnì ni. Èmi ni mò ń fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì Dírẹ́bà, èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò iṣẹ́ Káfíńtà. Ṣé àbàwọ́n ni wọ́n á fi pamọ́ fún mi? Tiwọn ò dùn mí. Tìrẹ ni. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń gbé e sókè sí ọ, mò ń sọ pé bóyá lónìí ọmọ yìí á fà á, lẹ́ẹ̀kan péré. O rí i, o sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó rí mi lára. Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ẹnì kan ṣì kù tí mo fẹ́ dá, kó wọ ọkọ̀ yẹn.'"